Kíkà Yàtọ̀ sí Gbígbọ́: Ìfọkànsí Òǹkàwé àti Òǹwòran Lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Agbègbè Onígbòǹgbò

Ìfáárà

Ní agbègbè Onígbòǹgbò, ní Ìkẹjà, ìṣòro kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ka ìwé lítíréṣọ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà sọ ọ́ síta. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí ìwé ìtàn àròsọ ní alẹ́, á ka ojú-ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ojú rẹ̀ á sì ti gba orí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó sọ ohun tí ó kà, kò ní rí i sọ. Á padà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́, á tún un kà, ọkàn rẹ̀ á tún rìn lọ. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á pa ìwé náà dé, á lọ wá ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ti ké ìtàn náà kúrú sí, èyí ni yóò sì há sórí fún ìdánwò. Ẹlòmíràn á jókòó ti sinimá àgbéléwò fún wákàtí méjì, síbẹ̀ kò ní lè sọ ìdí tí olú ẹ̀dá-ìtàn fi ṣe ohun tí ó ṣe.

Ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ṣe lórí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn: ọ̀lẹ ni, olódo ni, tàbí kí wọ́n ní fóònù ti bà á jẹ́. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pàápàá máa ń mú irú ìdájọ́ yìí bọ̀ láti ibi ìdánrawò ìkọ́ni. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ ọn. Ohun tí ó ń sọ ni pé lítíréṣọ̀ Yorùbá kò fìgbà kan gbà pé ìfọkànsí ti wà nílẹ̀ de òun. Apààlọ́, apohùn àti òǹkọ̀wé ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, bí ẹni ń mọ ilé. Bí olùkọ́ bá wá bọ́ gbogbo ohun tí wọ́n fi ń di ọkàn mú kúrò lára iṣẹ́ wọn, tí ó sì gbé egungun tí ó ṣẹ́kù fún akẹ́kọ̀ọ́ láàrin ariwo, kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu bí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá dúró. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, àyẹ̀wò yóò wáyé lórí iṣẹ́ D.O. Fágúnwà, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, àti lórí fíìmù méjì tí Túndé Kèlání darí.

Onígbòǹgbò àti Ohun tí Ariwo ń Ṣe sí Ìwé Kíkà

Onígbòǹgbò wà ní ẹ̀gbẹ́ Maryland, ní òpópónà Mobolaji Bank Anthony tí ó wọ àárín gbùngbùn Ìkẹjà lọ. Ní 2003 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá agbègbè ìdàgbàsókè Onígbòǹgbò sílẹ̀ láti ara ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà. Láti ìgbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ni a ti ń kó àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ jọ sí ìlú náà. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ wá sí Ìkẹjà, Ọ̀gbà, Orégùn àti Agége láti ibi gbogbo. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, tí a kọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí a sì ṣí ibùdó tuntun rẹ̀ fún ìrìn-àjò òkè-òkun ní 1979, kò jìnnà síbẹ̀. Ojú irin sì gba àárín Ìkẹjà àti Agége kọjá.

Ènìyàn tí ó ń kàwé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò dá wà. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ilé kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ní ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán yàrá kan ni yàrá mìíràn ń gbọ́. Ilé ìjọsìn ń lo gbohùngbohùn, awakọ̀ ń fọn fèrè, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru sì ń sùn lọ́sàn-án lórí ibùsùn tí ọmọ ìbá jókòó lé láti kàwé.

Ìwádìí tí a ti ṣe ní òkè-òkun fi hàn pé irú ariwo báyìí kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi agbára ọkàn lásán borí. Ní ìlú Munich ní Jámánì, wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú àtijọ́ pa ní 1992, wọ́n sì ṣí tuntun sí ibòmíràn. Àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọdé tí ń gbé ní ìtòsí méjèèjì kí ìyípadà náà tó wáyé àti lẹ́yìn rẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé ìwé kíkà àti ìrántí àwọn ọmọ tí ariwo kúrò lọ́dọ̀ wọn dára sí i, nígbà tí ti àwọn tí ariwo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá jó rẹ̀yìn. Ní 2005, ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá tí wọ́n lé ní 2,800, ní ilé-ẹ̀kọ́ 89 ní ìtòsí pápákọ̀ òfuurufú mẹ́ta: Heathrow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Schiphol ní Netherlands àti Barajas ní Spain. Èsì rẹ̀ ni pé bí ariwo ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń pọ̀ sí i ni àgbọ́yé ohun tí àwọn ọmọ náà ń kà ń dín kù.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì tí ó wà níbẹ̀ ni 'àgbọ́yé'. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ̀wé kà. Ohun tí ariwo gbà lọ́wọ́ wọn ni òye ohun tí wọ́n kà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ó ń ka èdè ìyá rẹ̀ ní yàrá ìkàwé tí a kọ́ dáadáa, olùkọ́ kò gbọdọ̀ tètè pe ọmọ Onígbòǹgbò ní ọ̀lẹ.

Kíkà àti Gbígbọ́ nínú Èèyàn àti Èdè Yorùbá

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ya kíkà sọ́tọ̀ kúrò lára òye. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'kà' tí à ń lò fún ìwé náà ni à ń lò fún owó. Ẹni tí ó ka owó mọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ó mọ ohun tí owó náà yóò rà. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'gbọ́' ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ òye: ẹni tí ó mọ èdè kan ni a ń sọ pé ó gbọ́ èdè náà, ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ ni a ń sọ pé ó gbọ́rọ̀ sí òbí lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yí ojú-ìwé mẹ́rin láìmọ ohun tí ó wà níbẹ̀ ti kà lóòótọ́. Kò tíì gbọ́ ni. Iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni láti mú un láti ibi kíkà dé ibi gbígbọ́.

Àwọn baba ńlá wa mọ bí ọ̀nà yìí ṣe jìn tó. Alẹ́ ni a máa ń pa àlọ́, lẹ́yìn tí àgbà ti ti oko tàbí ọjà dé, tí ó ti rẹ ọmọdé tí ó ti ń sáré kiri láti àárọ̀. Àwùjọ tí ó ti rẹ̀ ni apààlọ́ ń bá pàdé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rẹ òǹkàwé Onígbòǹgbò ní alẹ́. Nítorí náà kì í kọ́kọ́ gbé ìtàn kalẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí ọpọlọ lè jí. Ẹni tí ó bá ń wá ìdáhùn kò lè máa tòògbé. Nígbà tí ó bá wá kan àlọ́ àpagbè, yóò pe àwùjọ, wọn yóò dáhùn, kí ó tó tẹ̀ síwájú. Bí ìtàn bá gùn, orin yóò dá sí i, gbogbo àwùjọ ni yóò sì gbè é. Orin yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rìn lọ rí ibi tí yóò gbà padà wọlé, nítorí pé orin náà sábà máa ń tún kókó ìtàn sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ẹ̀kọ́ Ifá. Ojú odù 16 ni ó wà, pẹ̀lú àwọn ọmọ odù tí wọ́n jẹ́ 240, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 256. Ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ wọn pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kó sórí lẹ́ẹ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá yóò wí, òun yóò tẹ̀ lé e, díẹ̀ díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wándé Abímbọ́lá àti àwọn onímọ̀ mìíràn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí Ifá ti mẹ́nu ba oògùn ìsọ̀yè tí wọ́n ń lò fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun yòówù kí ènìyàn gbà gbọ́ nípa agbára oògùn náà, pé ó wà jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì. Ìwà ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n ka ìgbàgbé sí. Ìṣòro tí ó tọ́ kí àwùjọ wá nǹkan ṣe sí ni. Ọ̀gá tí ó sọ ìsọ̀yè fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti gbà pé lára iṣẹ́ òun ni kí ẹ̀kọ́ dúró sínú ọmọ náà.

Wolfgang Iser, lámèyítọ́ ará Jámánì, sọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976 pé iṣẹ́ lítíréṣọ̀ kì í pé títí òǹkàwé yóò fi dí àwọn àlàfo tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Èrò yìí wúlò fún àyẹ̀wò tí ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti gbe orin àlọ́ rí. Àlàfo tí apààlọ́ fi sílẹ̀ fún àgbègbè ni àwùjọ ń fi ohùn dí.

Fágúnwà: Òǹkọ̀wé tí ó Kọ́ni Bí a ṣe Ń Kà á

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ohun àkọ́kọ́ tí Fágúnwà ṣe ni pé ó kọ́ òǹkàwé bí yóò ṣe ka ìwé náà. Ó fi ìtàn rẹ̀ wé ìlù ògìdìgbó tí ó gba ọgbọ́n kí ènìyàn tó lè jó o. Ó sọ ara rẹ̀ di onílù, ó sọ àwọn òǹkàwé di oníjó, ó sì béèrè ohun méjì lọ́wọ́ wọn. Èkíní ni pé nígbà tí ẹ̀dá-ìtàn kan bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò onítọ̀hún, kí ó máa sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Èkejì ni pé kí ó fa ọgbọ́n yọ nínú ohun tí ó bá kà.

Ó yẹ kí olùkọ́ wo ohun àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Fágúnwà kò ní kí a fi ojú lásán gba orí ìwé òun kọjá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó fẹ́ ẹnu, ó fẹ́ ohùn, ó fẹ́ ìṣe. Olùkọ́ ni òun náà, ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò ka ìwé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìdí àlọ́ bọ̀ ni. Àṣẹ tí ó pa ní ojú-ìwé àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń rú.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn rẹ̀ tún fi hàn pé ó ronú nípa àárẹ̀ òǹkàwé. Àkàrà-ògùn kò sọ ìtàn rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ díẹ̀, ó lọ, ó tún padà ní ọjọ́ kejì; nígbà tí ó fi máa padà, àwùjọ tí ń dúró dè é ti pọ̀ sí i. Báyìí ni Fágúnwà ṣe fi àwùjọ olùgbọ́ sínú ìwé, kí ẹni tí ó dá jókòó ti ìwé lè ní ẹgbẹ́. Nígbà tí Kàkó, Ìmòdòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dé Òkè Láńgbòdó, tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìràgbèjè ní ilé olójúlé méje, ọjọ́ méje ni ọlọ́gbọ́n náà fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ti la igbó já, ara wọn le. Síbẹ̀ kò gbìyànjú láti kó ọgbọ́n ọjọ́ méje lé wọn lórí ní ọjọ́ kan.

Àléébù wà o. Ní àwọn ibì kan, ìwàásù Fágúnwà máa ń gùn títí ìṣẹ̀lẹ̀ á fi dúró, àwọn gbólóhùn onífọ̀rọ̀jọfọ̀rọ̀ á sì máa wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn òǹkàwé òde-òní ti máa ń já. Àwọn lámèyítọ́ tí wọ́n ń ka èyí sí àṣejù kò jẹ̀bi pátápátá. Ṣùgbọ́n bí a bá ka irú abala bẹ́ẹ̀ sókè, èrò ẹni á yí padà. Àwítúnwí tí ó dà bí ẹrù fún ojú máa ń di ìlù fún etí. Etí tí kò bá gbá ọ̀rọ̀ mú lẹ́ẹ̀kíní yóò gbá a mú lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta. Nínú ariwo Onígbòǹgbò, àwítúnwí yìí gan-an ni ó lè gba òǹkàwé là.

Òkédìjí àti Ìṣọ̀lá: Ìfọkànsí Asáré àti Ìfọkànsí Adúró

Bí Fágúnwà bá ń ní kí òǹkàwé dúró, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ń ní kí ó sáré ni. Àjà Ló Lẹrù (1969) jẹ́ ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àkọlé rẹ̀ nìkan ti sọ fún òǹkàwé pé ohun kan wà ní ìpamọ́. Bí Lápàdé ṣe ń tọpa àwọn ọ̀daràn ni òǹkàwé ń tọpa òun náà, ìbéèrè kan á sì fà á dé ìbéèrè mìíràn. Ọgbọ́n àlọ́ àpamọ̀ ni èyí, tí a fà gùn títí ó fi di ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀ bákan náà: Lápàdé àti Tàfá ń jiyàn, wọ́n ń pòwe, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, etí òǹkàwé sì ń rí ohun gbọ́ nígbà gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè jókòó ti Fágúnwà lè ka Òkédìjí tán.

Síbẹ̀, òǹkàwé tí ó ń sáré kì í wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni ó ń wá, èdè tí Òkédìjí fi sọ ọ́ sì lè kọjá lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé irú ìfọkànsí méjì ni ó wà: asáré àti adúró. Asáré ni ó ń bá ìṣẹ̀lẹ̀ lọ. Adúró ni ó ń bá ọ̀rọ̀ gbé. Ẹni tí ó ní ọ̀kan lè má ní èkejì, kì í sì í ṣe òpè nítorí náà. Kíka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí kò sí àṣírí kankan mọ́, ni ọ̀nà láti inú asáré dé inú adúró.

Rẹ́rẹ́ Rún (1973), tí òun náà jẹ́ iṣẹ́ Òkédìjí, bá àdúgbò yìí mu lọ́nà mìíràn. Eré onítàn lórí ìjà àwọn òṣìṣẹ́ ni, Láwúwo ni aṣáájú wọn, ìdààmú sì pọ̀ lórí rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi dàrú. Ọmọ òṣìṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Agége kò nílò àlàyé gígùn kí ó tó mọ ohun tí owó iṣẹ́ àti ìdáṣẹ́sílẹ̀ jẹ́. Ó sì lè rí i nínú Láwúwo pé ọkàn tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn kì í rọrùn láti kó jọ. Eré ni, ohun tí a kọ fún ẹnu àti ara. Bí a bá fi kọ́ni bí ẹni ń ka ìròyìn, a ti sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Ní ti Ó Le Kú (1974) ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, akẹ́kọ̀ọ́ ni olú ẹ̀dá-ìtàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Àjàní ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń lọ sí òpin, ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kí ó mú ìyàwó wálé, ojú rẹ̀ sì pín sí ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Yorùbá ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo; mẹ́ta ni Àjàní ń lé. Àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń wo ìwé yìí bí ìtàn ìfẹ́. A lè wò ó bákan náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọkàn tí kò lè dúró lójú kan, tí ó ń dé ibì kan kí ó tó kúrò ní òmíràn. Èdè Ìṣọ̀lá rọrùn, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ yá kánkán, kò sì ní kí òǹkàwé kọ́kọ́ la igbó kan já kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé kíkà ti sú, ẹnu ọ̀nà tí ó gbòòrò ni.

Fíìmù: Ohun tí Ojú Gbà àti Ohun tí Etí Gbà

Àwọn olùkọ́ kan ti rò pé fíìmù ni yóò tán ìṣòro yìí: bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè kà á, kí ó wò ó. Ọ̀rọ̀ Ó Le Kú fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní 1997, Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù, ó sì gbajúmọ̀ gan-an. Aṣọ àwọn obìnrin inú rẹ̀, bùbá àti ìró péńpé ti ìgbà àtijọ́, padà sóde. Àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, a sì ń pè é ní òlékú. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn, nítorí pé iṣẹ́ ọnà tí ó bá wọ aṣọ ènìyàn ti wọ ìgbésí ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ lámèyítọ́ ní ohun kan. Ojú máa ń yára mú ohun tí ó rí, a sì lè gbé aṣọ ìtàn kan wọ̀ láìgbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ sílé. Fíìmù ti ya Àṣàkẹ́ fún òǹwòran tán. Àlàfo tí òǹkàwé ìbá fi ọkàn ara rẹ̀ dí ti dí. Ọkàn tí kò rí iṣẹ́ ṣe kì í pẹ́ rìn lọ.

Ṣaworoidẹ (1999), tí Ìṣọ̀lá kọ tí Kèlání sì darí, gba ọ̀nà mìíràn. Ìtàn òṣèlú ìlú Jogbo ni, ó lọ́jú pọ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀pálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ń wà níbẹ̀ láti máa fi òwe àti ẹ̀fẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú àlọ́ ni Ọ̀pálábá ń ṣe nínú fíìmù yìí. Òǹwòran tí ọkàn rẹ̀ ti rìn lọ sí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tàbí sí ìpè fóònù lè ti ibẹ̀ padà wọlé. Kò sì sọ ohun gbogbo tán. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń fi àlàfo sílẹ̀ tí òǹwòran gbọ́dọ̀ rò. Èyí ni ìyàtọ̀ láàrin fíìmù tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan àti èyí tí ó pe etí mọ́ ọn.

Ohun tí Fóònù Ṣe àti Ohun tí Kò Ṣe

A lè ta ko èrò yìí pé fóònù ni olórí ẹlẹ́bi, àti pé kò sí ọgbọ́n àlọ́ tí ó lè bá a jà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń dún ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ń gé ọkàn sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a ṣèwádìí lórí wọn ní Munich kò ní fóònù alágbèéká. Ìṣòro náà ti wà kí ẹ̀rọ yìí tó dé, tirẹ̀ ni pé ó dá kún un.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ: pé ọgbọ́n ìkọ́ni kò lè rọ́pò oúnjẹ, oorun àti ibi tí ó dákẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa kò ní fi orin àlọ́ yó. Síbẹ̀, olùkọ́ kò lè pa ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò; ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ogójì ìṣẹ́jú tí ó ní pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá darí láti 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní 2025, ó fagi lé e. Bí èyí ṣe rí, wákàtí díẹ̀ tí olùkọ́ Yorùbá ní nínú ọ̀sẹ̀ ni ó lè jẹ́ kìkì ìgbà tí ọmọ kan yóò fi ka ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀ láti ilé. Bí a bá fi wákàtí náà kọ nóòtì sójú pátákó fún un láti dà kọ, a ti pàdánù rẹ̀.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Àwọn ohun tí àyẹ̀wò yìí ń tọ́ka sí kò gba owó. Èkíní, kí olùkọ́ ka abala àkọ́kọ́ ìwé sókè fúnra rẹ̀, kí ó sì pín ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá-ìtàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí Fágúnwà ti béèrè. Kíláàsì tí ó bá ń kéde ọ̀rọ̀ Kàkó àti Olóhùn-iyọ̀ papọ̀ lè borí ariwo tí ń bọ̀ láti òde. Èkejì, kí ó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ojú-ìwé méjì tí a gbọ́ sàn ju ogún tí a kà lọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀kẹta, kí ó fi ìbéèrè ṣáájú ìtàn, bí àlọ́ àpamọ̀ ti ń ṣáájú àlọ́ àpagbè, kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí yóò máa wá nínú ohun tí ó ń kà. Ẹ̀kẹrin, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa sọ ohun tí a kà ní àná kí ti òní tó bẹ̀rẹ̀; ohun tí àwùjọ Àkàrà-ògùn ń padà wá fún ní ojoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá fẹ́ lo fíìmù, kí ó dá a dúró ní àárín, kí ó béèrè ohun tí Ọ̀pálábá ní lọ́kàn, kí ó tó jẹ́ kí ó máa lọ.

Ìwé pẹlẹbẹ tí ń ké ìtàn kúrú kò sí lára ìwọ̀nyí. Orin, àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti àlàfo ni ó máa ń kọ́kọ́ gé dànù, àwọn náà sì ni wọ́n ń di ọkàn mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há a sórí lè yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tíì pàdé Fágúnwà. Bí òun náà bá di olùkọ́ lọ́la, ìwé pẹlẹbẹ ni yóò ní láti fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìṣòro àìlèfọkànsí tí ó ń bá òǹkàwé àti òǹwòran fà á ní agbègbè Onígbòǹgbò kì í ṣe àbùkù ìwà. Ariwo àti àárẹ̀ ló ń fà á, a sì ń dá kún un bí a bá gba àwọn ohun tí lítíréṣọ̀ Yorùbá fi ń di ọkàn mú kúrò lára rẹ̀. Apààlọ́ mọ̀ pé ó rẹ àwùjọ òun, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ Ifá mọ̀ pé ọmọ lè gbàgbé, Fágúnwà mọ̀ pé òǹkàwé nílò ẹgbẹ́, Òkédìjí mọ̀ pé ìbéèrè ni ó ń fa ẹsẹ̀ síwájú, Ìṣọ̀lá àti Kèlání mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fi ojúlé sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá jáde láti padà wọlé. Ìmọ̀ yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ mú wọ kíláàsì. Nígbà mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá pa ìwé dé, tí ó ní òun kò mọ ohun tí òun kà, kí olùkọ́ má ṣe bi í léèrè ìdí tí kò fi gbìyànjú. Kí ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ṣí i padà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́, kí ó sì kà á sí i létí.